Ọ̀rọ̀ Ara Sísan: Fóìsì fún Ẹ̀yin Ará Wa ní Gidan Igwai

Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé téèyàn bá ti Sókótó délé nígbà ọdún, ara ẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Tó bá rù, wọ́n á ní ilẹ̀ Háúsá ò gbè é, àwọn míì á tiẹ̀ máa fura sí àìsàn ńlá. Tó bá sanra, "owó ti dé!" Ìdí nìyẹn tá ò fi fẹ́ kí aṣọ fẹ̀ mọ́ wa lára. Àwọn míì lára àwọn ará Íńdíà tó wà nílùú Òyìnbó náà ń rò bẹ́ẹ̀, pé ara tó kún ni àlàáfíà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rá inú ikùn kì í jẹ́ kí insulin, tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ráyè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ní tiẹ̀ kì í pariwo. Ẹni tó ga ní mítà 1.6, tó wọn kílò 77, ó ti sanra jù lójú àwọn dókítà.

Ẹ ò ní òṣùwọ̀n? Ẹ fi okùn wọn gíga yín, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ fi yí ikùn ká níbi ìdodo. Bí okùn ò bá ká a, ẹ lọ yẹ ìfúnpá àti ṣúgà wò.

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń jókòó ti ọjà látàárọ̀, mínírà tẹ́ ẹ máa ń mu lé túwó yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fomi rọ́pò ẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó sọ ọ́ síbí.