Ọ̀rọ̀ Lórí Fítà Ọ́ìlì Ńlá
(Tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ọkọ̀)



Ọ̀pọ̀ yín ló ti bi wá bóyá ó dára kí á yọ fítà ọ́ìlì tó bá mọ́tò dé, kí á fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Ìdáhùn wa ni pé ó dára, bí ó bá bá ẹ́ńjìnì mu.

Pépà inú fítà ńlá pọ̀ ju ti kékeré lọ, nítorí náà ìdọ̀tí púpọ̀ ni yóò gbà kí ó tó dí. Ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ìlì tó ti gbó di tuntun. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì lákòókò kò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀.

Àwa náà dán an wò lára ọkọ̀ tí a fi ń kó kòkó. Fítà náà wọlé, inú wa dùn. Àṣé ó ti yọ sísàlẹ̀ jù. Lójú ọ̀nà oko, òkúta lù ú, ọ́ìlì dà nù, dẹ́rẹ́bà kò sì tètè rí iná pupa. Ẹ́ńjìnì kú. Owó fítà ni a fẹ́ ná, owó ẹ́ńjìnì ni a san.

Nítorí náà, ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́rin:

1. Eyín tí a fi ń yí i. Fítà mílímítà 20 lè wọ irin mílímítà 19, kí ó dà bí ẹni pé ó dì, ṣùgbọ́n agbára ọ́ìlì lè tì í jáde.

2. Rọ́bà ẹnu rẹ̀. Kí ó fẹ̀ bí ti àtijọ́, kí rọ́bà àtijọ́ má sì ṣẹ́ kù sára ẹ́ńjìnì.

3. Àyè. Kí ó má ṣe sún mọ́ páìpù èéfín, kí ó má sì rẹlẹ̀ ju abẹ́ mọ́tò lọ.

4. Ìlẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀, tó máa ń ṣí bí fítà bá dí. Kí ìwọ̀n agbára tí yóò ṣí i bá ti àtijọ́ mu.

Bí ẹ bá ti dè é tán, ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ wò ó bóyá ó ń jò. Ẹ pa á, ẹ dúró díẹ̀, ẹ fa géèjì wò, kí ẹ sì bu ọ́ìlì kún un, nítorí fítà ńlá ń mu ju kékeré lọ.

Bàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, ìṣubú ló ń fà. Ẹ jẹ́ kí á fi ìmọ̀ ṣọ́ ohun tí a fi àjẹṣẹ́kù wa rà.