Ìtumọ̀ ‘Butt In’ Nínú Èdè Wa

Bí àgbà méjì bá ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ ní Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì, tí ọmọdé sì ti ẹnu bọ̀ ọ́, a ní ó já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ‘butt in’ nìyẹn. Kí àgbò fi orí kan nǹkan ni ‘butt’. ‘In’ ló sọ ọ́ di ọ̀ràn ẹnu. Kì í ṣe ‘dá sí ọ̀rọ̀’: a lè pe ènìyàn kí ó wá dá sí ọ̀rọ̀, a kì í pe ẹnikẹ́ni wá já lu ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ àárín ọ̀rẹ́ ni. Nínú àròkọ, ‘interrupt’ ni kí ẹ kọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí ó nawọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀ kò já lu ọ̀rọ̀ yín. Bí a bá wí fún un pé, ‘Don't butt in’, a pa á lẹ́nu mọ́ láìnídìí ni.