Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ lórí Yíyan Gìtá Kékeré tí Ọrùn Rẹ̀ Bá Ọwọ́ Mu

1. Ìfáárà

 

Ẹ̀bi ara mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá kọ́ gìtá lọ́dọ̀ mi. Oṣù mẹ́rin gbáko ni ó fi gbìyànjú. Orí ìka rẹ̀ bó, ọrùn ọwọ́ ń dùn ún, síbẹ̀ ohùn tí ó ń mú jáde kò já geere. Mo sọ fún un pé bóyá Ọlọ́run kò dá orin mọ́ ọn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó dìde, kò sì padà wá mọ́. Ó fi gìtá náà sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo gbé e lé itan, tí mo sì rí i pé èmi pàápàá, tí ọwọ́ mi tóbi ju tirẹ̀ lọ, kò lè tẹ okùn rẹ̀ kí ó dún dáadáa. Ohun èlò ni kò bá ọmọ náà mu. Ọmọ ni mo dá lẹ́bi.

Kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju èyí lọ: ọ̀pọ̀ ẹni tí a ń sọ pé kò ní ẹ̀bùn orin, ohun èlò tí ó bá ìwọ̀n ara rẹ̀ mu ni kò ní.

2. Ohun tí Àwọn Baba Wa ti Mọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàrin Yorùbá. Ní agbo ilé àwọn Àyàn, a kì í gbé ìyá ìlù kọ́ ọmọ kékeré léjìká. Ìlù kékeré ni ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí í sọ pé kànnàǹgó kì í ṣe ìlù. Ẹ wo gòjé àti mólò tí a mọ̀ dáadáa ní Ìlọrin níbí: ohun tí a lè gbá mọ́ra ni wọ́n. Ní Ọ̀fà tí kò jìnnà sí wa ni a ti bí I. K. Dairo, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kàn débi pé Ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá a lọ́lá ní 1963. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sọ fún wa pé bàbá rẹ̀, tí ó jẹ́ káfíńtà, ni ó kan ìlù fún un nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Káfíńtà mọ̀ pé a ń wọn nǹkan kí a tó kàn án.

Bákan náà ni àwọn aṣáájú orin jùjú ní Èkó. Bánjò ni Tunde King, ẹni tí ó gbé àwo jáde ní 1936, fi ń kọrin. Ayinde Bakare bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bánjò kékeré. Ohun èlò tí ènìyàn lè gbé lọ sí òde àríyá láìsí wàhálà ni wọ́n ń lò.

3. Bí Gìtá Ṣe Di Ńlá

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí gìtá tí a ń rí káàkiri fi tóbi tó bẹ́ẹ̀? Ohùn ni wọ́n ń wá. Christian Friedrich Martin, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1833. Kékeré ni gìtá tí ó ń ṣe, bí ti gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ní 1916 ni iléeṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gìtá ńlá kan tí a sọ ní dreadnought, orúkọ ọkọ̀ ogun ojú omi. Fífẹ̀ ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 40, nígbà tí ti àwọn gìtá kékeré iléeṣẹ́ kan náà jẹ́ nǹkan bíi 34 sí 36. Ikùn ńlá máa ń mú kí ohùn rinlẹ̀, kí ó sì rìn jìnnà, nítorí pé kò tíì sí ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá sókè nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ní 1949, Ayinde Bakare mú gìtá oníná wọ inú orin jùjú. Láti ìgbà náà, kò pọn dandan mọ́ kí ikùn gìtá ru gbogbo ẹrù ohùn. Síbẹ̀, gìtá ńlá náà ni a ṣì ń rà fún ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ ọ nínú yàrá.

Gìtá kékeré kò ní ohùn ìsàlẹ̀ tó ti ńlá, èyí kò ṣeé sẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ máa ń dá yà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí sì dára fún ẹni tí ń fi àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ta okùn, bí àwọn atukọ̀ Kúrú láti Làìbéríà ti kọ́ àwọn ará etíkun wa.

4. Ọrùn Gìtá

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ọrùn ni èèkù gìtá. Ohun mẹ́rin ni kí a wò níbẹ̀.

Èkíní ni fífẹ̀ rẹ̀ níbi egungun kékeré tí okùn gbà kọjá ní ẹ̀gbẹ́ orí. Lára gìtá olókùn irin, ó sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 43 sí 45. Lára gìtá olókùn ọ̀rá, nǹkan bíi 52. Okùn ọ̀rá rọ ìka lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ fẹ̀ fún ọwọ́ kékeré. Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ọrùn tín-ín-rín yẹ: ẹni tí ìka rẹ̀ sanra yóò máa fi ìka kan kan okùn méjì.

Èkejì ni sísanra ọrùn. Bí a bá dì í mú, kí àtàńpàkò lè sinmi sí ẹ̀yìn rẹ̀ láìjẹ́ pé ọrùn ọwọ́ ká kò.

Ẹ̀kẹta ni gígùn okùn láti egungun náà dé afárá. Bí okùn bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 64.5, àlàfo àkọ́kọ́ jẹ́ 3.6, bí ó bá jẹ́ 58, àlàfo náà jẹ́ 3.3. Ìyàtọ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ìka mọ̀ ọ́n. Yàtọ̀ sí èyí, bí okùn kan náà bá kúrú, tí a sì yí i dé ohùn kan náà, kò ní le tó ti gígùn. Ọ̀pọ̀ gìtá kékeré ni ọrùn wọn pàdé ikùn níbi irin dábùú kejìlá dípò ìkẹrìnlá. Èyí ń mú kí orí gìtá súnmọ́ ẹni tí apá rẹ̀ kò gùn.

Ẹ̀kẹrin, tí ó ṣe kókó jù lọ, ni gíga okùn sí ọrùn. Níbi irin kejìlá, tí ó pín okùn sí méjì dọ́gba, mìlímítà 2.4 lábẹ́ okùn tí ó nípọn jù àti 2 lábẹ́ èyí tí ó tín-ín-rín jù tó fún gìtá olókùn irin. Ẹni tí kò ní ohun ìwọ̀n lè to káàdì báńkì mẹ́ta léra, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó mìlímítà kan. Bí àlàfo abẹ́ okùn tí ó nípọn jù bá gba márùn-ún tàbí mẹ́fà, ìyà ni a fẹ́ rà. Bí gìtá akẹ́kọ̀ọ́ mi àná ti rí gan-an nìyẹn.

5. Bí A Ó Ṣe Yẹ̀ Ẹ́ Wò Lọ́jà

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò rà, nítorí náà ẹ má kánjú. Ẹ jókòó, ẹ gbé e lé itan. Bí èjìká bá gbé sókè kí apá tó lè kọjá lórí ikùn rẹ̀, ó ti tóbi jù. Ẹ wo ọrùn láti ìdí bí ẹni ń wo ọfà, kí ẹ mọ̀ bóyá ó tẹ̀ tàbí ó lọ́. Ẹ tẹ gbogbo àlàfo lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbọ́ bóyá okùn ń ha. Ẹ fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn afárá: bí pátákó ibẹ̀ bá wú, tàbí tí afárá ti ń ṣí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àbùkù ni a fi ń sá. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ lè rẹ egungun tí ó ga jù sílẹ̀. Okùn tín-ín-rín, èyí tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 10 nínú ìdá 1000 ínǹṣì, yóò sì rọ ìka lọ́rùn ju ti 12 lọ.

6. Ọyẹ́ Ìlọrin

Ẹni tí ó ra gìtá ní Ìlọrin gbọ́dọ̀ rántí ọyẹ́. Láti oṣù Kejìlá lọ, ètè wa nìkan kọ́ ni ó ń là. Igi náà ń sún kì. Ojú gìtá tí a fi odindi pátákó ṣe lè sán, orí irin dábùú a sì yọ síta lẹ́bàá ọrùn bí ẹ̀gún. Ẹ rẹ kànìnkànìn sínú omi, ẹ fún un dáadáa, ẹ fi sínú ike tí a lu ihò sí, kí ẹ sì fi í sínú àpótí gìtá. Ẹ má gbé gìtá sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Èyí tí a fi pláíwúùdù ṣe kì í dún tó ti odindi pátákó, ṣùgbọ́n ó máa ń fara da ọyẹ́ jù ú lọ. Fún ọmọ iléèwé, n kò ní bá ẹni tí ó bá yàn án jà.

7. Ìkádìí

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí olùkọ́ tó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́n, kí ó kọ́kọ́ wọn okùn. Kí òbí tó sọ pé owó òun ti ṣòfò, kí ó wo itan àti apá ọmọ rẹ̀.

N kò mọ ibi tí ọmọbìnrin náà wà báyìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti bá a tún gìtá náà ṣe, ṣùgbọ́n kí ó má fi ìyẹn ṣe. Òmíràn tí ó kéré ń dúró dè é ní ọ́fíìsì mi, okùn rẹ̀ kò ju káàdì mẹ́ta lọ.