Hárúnà Ìṣọ̀lá àti Ọ̀rọ̀ Inú Orin Rẹ̀



Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kíkọ ọ̀rọ̀ orin jẹ́. Ira Gershwin ni ó ń kọ ọ̀rọ̀, George àbúrò rẹ̀ ni ó sì ń ṣe ohùn orin. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnì kan náà ní í hun ọ̀rọ̀ tí í sì í kọ ọ́ lórin. Nítorí náà ni a fi ń pè é ní olórin lásán, tí a ń gbàgbé pé akéwì ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo olóògbé Àlàájì Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọ̀gá àpàlà, ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní 1948 ni ó ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ilé-iṣẹ́ His Master's Voice, lórí Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Kò torí èyí jáwọ́. Nígbà tí ọba náà wàjà ní 1955, ó tún orin náà ṣe. Òwe, oríkì àti ọ̀rọ̀ inú Kùránì ni ó fi ń hun orin; ìlù, agídìgbo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni ó fi ń gbè é lẹ́sẹ̀.

Àwọn kan a máa wí pé yíyin olówó lásán ni àpàlà. Ṣùgbọ́n ní 1971, ó fi orin ki ẹgbẹ́ Oroki Social Club ti Òṣogbo, orin náà ni kò sì jẹ́ kí orúkọ ẹgbẹ́ náà parẹ́. Ìwé ìtàn ni oríkì jẹ́ fún wa.

Ó sì mọ iyì iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1969, òun àti I. K. Dáíró dá ilé-iṣẹ́ àwo Star sílẹ̀. Ní 1979, ó ṣí Phonodisk, ilé ìgbohùnsílẹ̀, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tó gbin iṣu ni ó fẹ́ kí ó jẹ ẹ́. Ó papòdà ní 1983.

Kí ni ó wá kù? Àwo a máa ha, a sì máa fọ́. Àwọn àgbà láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ògùn Waterside tí wọ́n mọ àwọn tí ó ń dárúkọ ń kú lọ. Bí wọ́n bá tán, orúkọ inú orin di ariwo lásán. Yunifásítì wà ní Àgọ́-Ìwòyè nítòsí láti 1982. Ẹ jẹ́ kí á rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àwọn àgbà wọ̀nyí, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin náà sínú ìwé pẹ̀lú àlàyé, kí á sì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kí èrè ìwé náà lè kàn wọ́n.