Ẹ Jẹ́ Kí A Dá Igi Òrí Sí

Ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ̀yin ọmọ Ṣakí nílé àti lẹ́yìn odi,

Àwọn baba wa kò gbin igi òrí tí ó wà lóko wa. Ńṣe ni wọ́n dá a sí nígbà tí wọ́n ń ṣán oko. Owó òrí tí àwọn ìyá wa tà ni ó rán púpọ̀ nínú wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Nísinsìnyí, ọkọ̀ èédú ń kó igi náà lọ sí ìlú ńlá. Ó lè tó ọdún 15 sí 20 kí igi òrí tó so. Ọjọ́ kan péré ni àáké fi ń pa á.

A kò bá ẹni tí ń sun èédú jà. Àìríjẹ ni ó lé e débẹ̀. Ní 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ igbó Ọ̀yọ́-Ilé di ọgbà tí òfin ń ṣọ́. Ta ni yóò ṣọ́ oko tiwa?

Nítorí náà, kí agboolé kọ̀ọ̀kan fi àmì sí igi òrí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gé e. Kí ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi sì bá wa ra igi tí ń tètè dàgbà, kí àwọn asunèédú lè gbìn ín, kí wọ́n sì máa gé e.

Ọlọ́run yóò dá ìlú wa sí. Àmín.