Ẹ Ka Ọdún Náà Wá Sẹ́yìn



Òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ nínú wa. Ọdún 60 láyé tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ó ti tó ilé lọ nìyẹn (ti àwọn tíṣà ti yàtọ̀ báyìí). Ká ní 2032 lẹ máa fẹ̀yìn tì, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kí kòkó máa bọ́ yín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìṣirò látòní, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2032 yẹn. Kòkó ń gbà tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó máa so. Òjò 2027 ló yẹ kó bá a nínú oko. Ọmọ kòkó á ti lo bí oṣù márùn-ún nínú ọ̀rá kó tó dóko, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó máa ṣíji bò ó á sì ti ṣáájú rẹ̀ wọlẹ̀.

Ilẹ̀ wá ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pín lọ́jọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n kan á ní òun ò gbọ́ sí i, wọ́n á tún ìpàdé pè. Àwọn àgbà tó mọ ibi tí pèrègún ààlà wà kò sì ní dúró de ìwé ìfẹ̀yìntì ẹnikẹ́ni. Owó oko ṣeé yá; ẹni tó mọ ààlà ò ṣeé yá.

Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ olórí ẹbí kẹ́ ẹ tó yà síbi àríyá.