Orúkọ tó wà létí òkun

Ère idẹ ọkùnrin kan wà létí òkun Waikiki ní Hawaii láti ọdún 1990. Duke Kahanamoku ni. Ó gba wúrà nínú ìdíje lílúwẹ̀ẹ́ ní Òlíńpíìkì ọdún 1912, òun ló sì jẹ́ kí ayé fẹ́ràn eré gígun ìgbì òkun lórí pákó. Ère náà na apá méjèèjì, pákó rẹ̀ sì nàró gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀. Òdòdó tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀ làwọn èèyàn máa ń fi kọ́ ọ lápá. Inú mi dùn sí i gan-an.

Àmọ́ ní nǹkan bíi ọdún 1640, Michael Hemmersam, ará Jámánì, ti rí àwọn ọmọdé tó ń fi pákó kọ́ lílúwẹ̀ẹ́ létíkun ibi tí à ń pè ní Gánà lónìí, ohun tó jọ eré Duke yìí. Kò kọ orúkọ wọn. Àwa ará Ìjàrà-Ìsin tí ère òkúta ìlú Èsìẹ́ wà nítòsí wa mọ bí àìmọ orúkọ ṣe ń dunni: àwọn ère náà lé ní ẹgbẹ̀rún, a ò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹyọ kan. Àwọn ọ̀dọ́ Tarkwa Bay l'Ékòó ń gun ìgbì lónìí. Ó wù mí kí wọ́n kọ orúkọ tiwọn sétí omi nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.